Bí ẹ ṣe lè yan ẹ̀rọ tí ẹ ó fi gba gìtá yín sílẹ̀ nínú ilé láì fi owó ṣòfò

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ta gìtá nínú ilé kò ju ẹyọ kan lọ. Èèyàn á ra máìkì, á so ó mọ́ fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù, á ta orin tó dùn mọ́ ọn nínú. Nígbà tó bá gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀, gìtá á máa dún bí ẹni pé inú agolo ló wà, fáànù àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á sì ti gorí rẹ̀. Á tún lọ ra máìkì mìíràn tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì ní sí ìyàtọ̀.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tí mo tù jọ fún oṣù mẹ́ta ni mo kó lé máìkì condenser kan tó ń dán gbinrin, tó ní apá gígùn tí wọ́n fi ń dè é mọ́ tábìlì. Ìgbà tí mo gbé e délé ni mo tó mọ̀ pé iná 48V ló ń jẹ, iná tí ihò íápíìsì láptọ́ọ̀pù mi kò ní. Gìtá mi dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ, èmi náà kò sì béèrè. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ̀lé àwọn ìpele yìí bí mo ṣe tò wọ́n, kí ẹ má sì mú owó lọ sọ́jà kí ẹ tó parí méjì àkọ́kọ́.

Ohun tí ẹ nílò

- Gìtá tí okùn rẹ̀ kò tíì dípẹtà. Okùn tó ti dípẹtà kò ní dún dáadáa lórí ẹ̀rọ kankan, ì báà jẹ́ ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là.
- Láptọ́ọ̀pù tàbí fóònù tó ní àyè nínú. Ìṣẹ́jú kan gìtá kan ní 24-bit àti 48kHz (ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ìró) ń gba nǹkan bí 8.6MB. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ẹ ta gìtá mẹ́rin sí yóò gba nǹkan bí 140MB.
- Sound card kékeré, àpótí tó ń gbé ìró gìtá wọ inú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń lo wáyà USB.
- Wáyà gìtá kan tó ní jáàkì ńlá, ti 6.35mm, ní orí méjèèjì.
- Headphone oníwáyà tó bo etí pátápátá.
- Máìkì kan, wáyà XLR rẹ̀ (wáyà máìkì onípínnì mẹ́ta) àti irin tí yóò dúró lé. Kì í ṣe gbogbo yín lẹ máa nílò èyí; ìpele kìíní ló máa sọ fún yín.
- Áàpù tí ẹ ó fi gba orin sílẹ̀.

Ẹ fi mixer oníhò mẹ́jọ, spíkà ńlá méjì àti fóòmù aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri sílẹ̀ ná. Owó wọn á wúlò níbòmíràn.

Ìpele 1: Ẹ wo ara gìtá yín

Ẹ gbé gìtá yín lé itan, kí ẹ wá ihò jáàkì lára rẹ̀.

Bó bá jẹ́ gìtá oníná, ẹ kò nílò máìkì rárá láti bẹ̀rẹ̀. Wáyà á ti ara gìtá bọ́ sínú sound card, áàpù á sì ṣe iṣẹ́ tí combo, àpótí spíkà tí wọ́n ń so gìtá mọ́, ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ariwo òde kò ní ibi tí yóò gbà wọlé. Ẹni tó bá ń gbé ládùúgbò tí jẹnẹrétọ̀ kì í sùn, ọ̀nà yìí ni mo máa kọ́kọ́ ní kó gbà.

Bó bá jẹ́ box guitar tí kò ní ihò jáàkì, máìkì ni, kò sí àbùjá.

Box guitar tó ní ihò jáàkì ló ń da èèyàn láàmú jù. Pickup, ìyẹn ohun tó ń gbọ́ ìró okùn, tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn wà lábẹ́ egungun funfun tí okùn kọjá lórí rẹ̀. Okùn ló ń gbọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ igi àti atẹ́gùn inú àpótí gìtá, ìdí nìyẹn tí ìró rẹ̀ fi máa ń le ganganran bí ike. Ó dára fún ìdánrawò, ó sì dára fún gìtá tó wà lẹ́yìn ohùn akọrin. Ṣùgbọ́n bí gìtá nìkan bá ni orin yín, ẹ ra máìkì. Tí sound card yín bá ní ihò méjì, ẹ lè gba méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ pò wọ́n pọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé: "Gìtá mi, wáyà ni" tàbí "Gìtá mi, máìkì ni." Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́ láì ṣiyèméjì, ẹ kò tíì lè ná owó.

Ìpele 2: Ẹ gbọ́ yàrá yín

Ẹni tí wáyà nìkan kàn lè fò ó. Ẹni tí máìkì kàn, ibí ni iṣẹ́ gan-an wà.

Ní àkókò tí ẹ sábà máa ń ta gìtá, ẹ gbé fóònù kalẹ̀ níbi tí ẹ ó jókòó sí, ẹ tẹ áàpù tó ń gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ki íápíìsì bọ etí, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ ó gbọ́ ohun tí etí yín ti mọ́ lára tí ẹ kò mọ̀ pé ó wà: fíríìjì, fáànù, aago ògiri, ọkọ̀ tó ń kọjá, ọmọ tó ń sunkún ní ilé kejì. Ẹ pa ohun tí ẹ lè pa. Èyí tí ẹ kò lè pa, ẹ wá àkókò tí kì í sí. Ládùúgbò tèmi, nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ló dáa jù, tàbí ìgbà tí Nẹ́pà bá mú iná wá, tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ dákẹ́ wẹ́lo.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró láàárín yàrá kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá dún "tá" tó sì tán, ó dáa. Bó bá dún "táǹ-n-n" bíi ti balùwẹ̀, ògiri ń dá ìró padà, máìkì yóò sì gbọ́ ọ. Yàrá ibùsùn máa ń sàn ju pálọ̀ lọ, nítorí bẹ́ẹ̀dì ń gbé ìró mì. Ẹ fa kọ́tìnì, ẹ ṣí wọ́dúróòbù tí aṣọ kún inú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn kọ́ sẹ́yìn yín.

*Ẹ ṣọ́ra:* Ẹ má jókòó sí igun yàrá. Ìró tó rẹlẹ̀ máa ń kóra jọ síbẹ̀, gìtá yín á sì máa hó bí ìkòkò. Fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò sì lè mú ìró bẹ́ẹ̀. Ìró tín-ín-rín nìkan ló ń mú. Matírẹ́ẹ̀sì tí ẹ gbé dúró ti ògiri sàn jù ú lọ.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tún pàtẹ́wọ́, ẹ tún gba ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan sílẹ̀. Bí ariwo òde bá ṣì wà nínú èkejì, ẹ sàmì sí i. Ó máa yan irú máìkì fún yín ní ìpele kẹrin.

Ìpele 3: Ẹ yan sound card

Ibí ni kí owó yín pọ̀ sí jù. Sound card ló ń sọ ìró gìtá di nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà lè tọ́jú, òun náà ló sì ń dá a padà sí etí yín. Ohun márùn-ún ni kí ẹ wò lára rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ihò gìtá. Wọ́n máa ń kọ INST tàbí Hi-Z sí i, àwọn mìíràn a yàwòrán gìtá sí i. Ìró tó ń ti pickup gìtá oníná jáde kò lágbára. Bí ihò tó gbà á bá ń fà á jù, ìró tó mọ́lẹ̀ kedere á kọ́kọ́ sọnù, gìtá á wá dún bí èyí tí wọ́n fi aṣọ bò. Ihò gìtá gidi kì í fà á: ìdènà rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ohm, nígbà tí ti ihò máìkì kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Bí ihò yìí kò bá sí, ẹ má rà á, bó ti wù kí àpótí rẹ̀ dán tó.

Èkejì ni bọ́tìnnì 48V, fún ẹni tó máa lo máìkì condenser. Ẹ̀kẹta ni ihò headphone pẹ̀lú bọ́tìnnì tí wọ́n kọ DIRECT MONITOR sí. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ ara yín lójú ẹsẹ̀ láì jẹ́ pé ìró kọ́kọ́ rin ìrìn àjò wọ inú láptọ́ọ̀pù.

Ẹ̀kẹrin ni iye ihò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé bí ihò bá ṣe pọ̀ ni iṣẹ́ ṣe ń dára. Ẹ wo jùjú: gìtá tó ń tẹ rhythm, tenor gìtá tó ń dá a lóhùn, lead tó ń kọrin lókè wọn. Kò pọn dandan kí ẹ ní èèyàn mẹ́ta kí ẹ tó gbà á sílẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lè ta rhythm tán, kí ẹ padà síbẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gbọ́ ọ nínú headphone, kí ẹ sì ta tenor lé e lórí, kí ẹ tún padà wá fún lead. Ihò kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọwọ́ mi mẹ́ta tí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn báyìí, mo bọ́ headphone sílẹ̀, mo tún wọ̀ ọ́, mo gbọ́ ọ nígbà mẹ́fà léra. Ihò méjì tó fún ẹnikẹ́ni tó ń dá ṣe é nínú ilé.

Ẹ̀karùn-ún ni bó ṣe ń bá ẹ̀rọ yín ṣe. Fún Windows, kí ó ní díráfà ASIO tirẹ̀, ìyẹn sọ́fúwíà tí kì í jẹ́ kí ìró pẹ́ kó tó wọlé. Fún fóònù Android, láti 5.0 sókè ló ti lè bá sound card oní-USB ṣiṣẹ́, ẹ sì nílò wáyà OTG, èyí tó ń jẹ́ kí fóònù lè gba ẹ̀rọ USB. iPhone láti 15 sókè ní ihò USB-C. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń fẹ́ adapter Lightning sí USB. Fóònù mìíràn kò ní iná tó láti gbé sound card. Ẹ ra USB hub tó ń gba iná tirẹ̀, tàbí kí ẹ lo láptọ́ọ̀pù.

Àwọn tí mo lè dárúkọ tí wọ́n ní ihò máìkì, ihò gìtá àti 48V, tí wọn kò sì tóbi: M-Audio M-Track Solo, Focusrite Scarlett Solo. Bí ẹ bá fẹ́ lo máìkì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Scarlett 2i2.

*Ẹ ṣọ́ra:* Àpótí kékeré kan wà lọ́jà tó ní bọ́tìnnì àtẹ́wọ́, ẹ̀rín àti ohùn ọmọdé. Sound card ni wọ́n ń pè é, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí ayélujára ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má rà á fún gìtá. Bákan náà, ẹ má ra jáàkì kékeré tí wọ́n ń sọ pé ó lè so gìtá tààrà mọ́ ihò íápíìsì láptọ́ọ̀pù. Ó máa wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìró tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú ariwo ṣíí-ṣíí ni ẹ ó gbà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé gìtá, wáyà àti láptọ́ọ̀pù yín dání lọ sọ́jà, ì báà jẹ́ Alábà lẹ ń lọ. Ẹ so ó pọ̀ níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ ta gìtá, ẹ yí bọ́tìnnì gain, èyí tó ń gbé ìró tó ń wọlé sókè, díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ hú bí eku bí ẹ ṣe ń yí i. Ẹ mi orí wáyà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ìró bá ń wá tó ń lọ, ẹ gbé e kalẹ̀. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ìpele 4: Ẹ yan máìkì

Ẹ mú èsì ìpele kejì jáde. Bí yàrá yín bá dákẹ́, ẹ ra condenser kékeré. Ó ń gbọ́ ìka tó ń họ okùn, ó ń gbọ́ èémí igi. Bí ariwo bá ṣì wà, ẹ ra dynamic. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ̀ọ́kán, ẹ sì lè gbé e sún mọ́ gìtá kí gìtá lè borí ariwo. Shure SM57, tó ti wà láti 1965, ni èyí tí ọ̀pọ̀ onígìtá mọ̀, ó sì ṣe dáadáa níwájú combo náà.

Àbùkù rẹ̀ kan rèé: ìró tó ń ti dynamic jáde kéré. Bí ìka lásán lẹ fi ń ta box guitar, tí ẹ kì í sì í ta á le, ẹ ó ní láti yí gain sókè púpọ̀, sound card tí kò wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣíí. Ẹni tó ń lo pick kò ní ìṣòro yìí.

*Ẹ ṣọ́ra:* Ayédèrú SM57 àti SM58 pọ̀ jù. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n: ojúlówó SM57 wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 284, SM58 tó nǹkan bíi 298. Èyí tó bá fúyẹ́ bí agolo òfìfo, kì í ṣe òun. Ìwọ̀n nìkan kò tó ẹ̀rí o, nítorí náà ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Ibi tí máìkì máa wà ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ẹ má dojú rẹ̀ kọ ihò àárín gìtá. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n rò pé ìró ti ń jáde, ṣùgbọ́n ìró tó nípọn jù ló wà níbẹ̀, á máa ṣe hùù-hùù lórí gbogbo okùn ńlá. Ẹ gbé e síwájú fret kejìlá, kó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, nǹkan bí ọwọ́ kan tí ẹ na gbogbo ìka rẹ̀ tán, kí ẹ sì yí ojú rẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ara rẹ̀. Fún combo, ẹ gbé e sún mọ́ aṣọ spíkà, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún, kó kúrò láàárín gbùngbùn díẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gba orin kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ní iwájú ihò, ní fret kejìlá, àti níbi tí ẹ sún un sí díẹ̀ síwájú sí i. Ẹ di ojú yín kí ẹ gbọ́ wọn. Bí ẹ kò bá gbọ́ ìyàtọ̀, wáyà tàbí headphone ni kí ẹ wò, nítorí ìyàtọ̀ náà tóbi.

Ìpele 5: Headphone àti wáyà

Headphone Bluetooth kò ṣe é lò fún iṣẹ́ yìí rárá. Ìró rẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé etí; ẹ ó fọwọ́ kan okùn, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kúrò níbẹ̀. Oníwáyà ni kí ẹ rà, èyí tó bo etí tó sì dé pa, kí ìró inú rẹ̀ má bàa jáde lọ bá máìkì. Audio-Technica ATH-M40x àti Sony MDR-7506 dára. Bí owó kò bá tó wọn, èyíkéyìí tó bo etí dáadáa tí kì í fi béèsì kún ìró ṣì lè ṣe é.

Wáyà gìtá kò gbọdọ̀ gùn ju mítà mẹ́ta lọ nínú yàrá. Bó bá ṣe gùn tó ló ń jẹ ìró tó mọ́lẹ̀ tó.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wọ headphone níwájú máìkì tó ti ṣí, kí ẹ jẹ́ kí ìlù tó ń ka àkókò inú áàpù máa dún nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ láì ta nǹkankan. Bí ẹ bá gbọ́ ìlù náà nínú ohun tí máìkì gbà, headphone ń jò.

Ìpele 6: Áàpù

Ẹ má ra nǹkankan níbí. Audacity jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì rọrùn. GarageBand wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún Mac àti iPhone, BandLab fún Android. Reaper ń fún yín ní ọjọ́ 60 láti dán an wò. Ẹni tó ń ta gìtá oníná máa nílò áàpù tó ń ṣe bíi combo. Guitar Rig Player àti Neural Amp Modeler wà lọ́fẹ̀ẹ́. Láìsí wọn, gìtá oníná tó wọlé tààrà á gbẹ bí ẹ̀wà tí kò lépo.

Ẹ yan 48kHz àti 24-bit (bí sound card yín bá gbà á), kí ẹ yan sound card yín gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìró ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Ibi yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n ti ra sound card, ṣùgbọ́n áàpù ṣì ń gbọ́ máìkì tó wà lójú láptọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi buffer, ìyẹn ìwọ̀n ìró tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí, sí 128. Ní 48kHz, ìdádúró ìyẹn kò tó mìlísẹ́kọ́ńdì mẹ́ta. Bí ìró bá ń já pọ́kí-pọ́kí, ẹ gbé e sókè sí 256.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi èékánná họ ojú láptọ́ọ̀pù nígbà tó ń gbà sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ họ́rọ́họ́rọ́, máìkì láptọ́ọ̀pù ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe tiyín.

Ìpele 7: Ẹ gba orin àkọ́kọ́ sílẹ̀

Ẹ tún okùn gìtá tò kó bá ara mu. Ẹ ta ibi tó le jù nínú orin náà, bí ẹ ó ṣe ta á gan-an, kí ẹ máa yí gain títí ìró tó ga jù á fi dé nǹkan bíi -12dB. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kan 0. Ìró tó bá ti fọ́ níbẹ̀ kò ṣe é tún ṣe mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kéré ṣe é gbé sókè.

Bí ẹ bá gbọ́ nǹkan tó ń hùn lábẹ́ rẹ̀, ẹ wá a báyìí. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, kí ẹ lo bátìrì nìkan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń lọ lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣì wà lórí gìtá oníná, ẹ jókòó sórí àga kí ẹ máa yí ara yín díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ aago. Ibì kan wà tí ìhùn náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa jókòó síbẹ̀. Ẹ gbé inverter àti ṣájà fóònù jìnnà. Bí ẹ bá gbọ́ "dì-dì-dì" kí ìpè tó wọlé, fóònù yín ló sún mọ́ gìtá jù.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gba ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀, ẹ gbọ́ ọ nínú headphone, lẹ́yìn náà lórí spíkà fóònù, lẹ́yìn náà nínú ọkọ̀ bí ọkọ̀ bá wà. Bí gìtá bá hàn kedere ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí kò sì sí ìhùn láàárín orin, ẹ̀rọ yín ti pé. Ẹ kọ déètì àti ibi tí gain wà sí orúkọ fáìlì náà, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí flash kí iná tó lọ, kí ẹ sì ta tenor lé e.